Tí ọlọ́pàá bá dá ẹ dúró lálẹ́ l'Ákùúrẹ́

Àbúrò, o ní kí la máa ṣe tí ọlọ́pàá bá dá wa dúró lálẹ́ lójú ọ̀nà Ọ̀dà, tó tún ní ká gbé fóònù wá. Rọra dúró, tan iná inú ọkọ̀, yí gíláàsì wálẹ̀, kó o gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárì. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá" kò ná ẹ ní kọ́bọ̀.

Èmi ṣàṣìṣe nígbà kan: mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn ki ọwọ́ bọ àpò láti yọ láísẹ́ǹsì. Kí n tó ṣẹ́jú, ìbọn ti kọjú sí mi. Ní báyìí mo máa ń sọ ọ́ kí n tó mú un: "Ọ̀gá, pátíkúlà wà lábẹ́ síìtì, mo fẹ́ mú un."

Ní ti fóònù, fi sùúrù béèrè ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn ẹ́. Má jà á gbà lọ́wọ́ wọn o! Wo orúkọ tó wà láyà aṣọ ọlọ́pàá náà.

Tẹ́ ẹ bá dé tẹ́ṣàn, abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní o lè dákẹ́ títí o ó fi rí lọ́yà tàbí ẹni tó o bá yàn. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ fún ẹ ní ìdí tí wọ́n fi mú ẹ lákọsílẹ̀, lédè tó yé ẹ. Má buwọ́ lu sítétímẹ́ǹtì tí o kò kà. Béèlì, ọ̀fẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ń pa ẹ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sára ògiri wọn.