Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Ṣé Orí Ló Ń Gba Ife Ẹ̀yẹ ni, àbí Ẹsẹ̀?

Lẹ́tà mẹ́rin la yàn fún abala yìí, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn dá lé: ipa tí oríire ń kó nígbà tí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè kan bá yege nínú ìdíje ńlá.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò tíì parí àríyànjiyàn wa lórí ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà tí Côte d'Ivoire gbà ní oṣù kejì ọdún 2024. Ẹ̀gbọ́n mi ní orí lásán ló gbé wọn débẹ̀, pé ikọ̀ tí wọ́n fi góòlù mẹ́rin nà nínú ilé ara rẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí à ń fún ní ife. Èmi ní wọ́n ṣiṣẹ́ fún un. Ta ló jàre nínú wa?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n yín jàre lórí ọ̀nà tí ikọ̀ náà gbà wọ ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ, ẹ̀yin lẹ jàre lórí ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n débẹ̀.

Ikọ̀ náà kọ́kọ́ na Guinea-Bissau ní góòlù 2 sí òdo, Nàìjíríà wá nà wọ́n ní 1 sí òdo, lẹ́yìn náà ni Equatorial Guinea fi 4 sí òdo dójú tì wọ́n níwájú àwọn èèyàn wọn ní Abidjan, ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Jean-Louis Gasset, fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sì gbé ikọ̀ lé igbákejì rẹ̀, Emerse Faé, lọ́wọ́. Àmì 3 péré ni wọ́n ní, ọ̀rọ̀ wọn kò sì sí lọ́wọ́ ara wọn mọ́. Bí Zambia bá ta ọ̀mì péré pẹ̀lú Morocco, Côte d'Ivoire tó gba gbogbo Áfíríkà lálejò yóò jókòó máa wo àlejò nínú pápá tirẹ̀. Hakim Ziyech ti Morocco ló gbá góòlù kan ṣoṣo tó wọlé lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ ẹni tí kò bá wọn tan ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Bí èyí kì í bá ṣe oríire, a jẹ́ pé a kò mọ ohun tí oríire ń jẹ́. Ẹ tún fi ti òfin kún un: títí di ọdún 2017, ikọ̀ 16 ló ń kópa nínú ìdíje yìí, ẹni tó bá ṣe ipò kẹta nínú ìsọ̀rí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ relé. Ọdún 2019 ni wọ́n sọ iye ikọ̀ di 24, tí mẹ́rin nínú àwọn onípò kẹta sì láǹfààní láti tẹ̀ síwájú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Senegal tí ife wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbá góòlù sí wọn ní ìṣẹ́jú kẹrin. Wọ́n forí tì í títí di ìṣẹ́jú 86 kí Franck Kessié tó fi pẹ́náritì dá a padà, wọ́n sì borí nígbẹ̀yìn. Lọ́wọ́ Mali, aṣọ́lé Côte d'Ivoire, Yahia Fofana, gbá pẹ́náritì kan tí wọ́n gbá sí i dànù. Wọ́n fún ẹnì kan nínú wọn ní káàdì pupa kí abala àkọ́kọ́ tó parí. Mali gbá góòlù wọlé. Síbẹ̀ àwọn mẹ́wàá tó kù sáré fún ohun tó ju wákàtí kan lọ, wọ́n dá góòlù náà padà ní ìṣẹ́jú 90, wọ́n sì fi òmíràn lé e nígbà tí àfikún àkókò ń parí lọ. Ènìyàn kì í ṣèèṣì sáré tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbàgbé. Sébastien Haller àti Simon Adingra fi ara pa, wọn kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele ìsọ̀rí. Ọjọ́ díẹ̀ tí góòlù Ziyech fi kún ìrìn àjò Côte d'Ivoire ló jẹ́ kí àwọn méjèèjì rí àyè padà. Nínú àṣekágbá pẹ̀lú Nàìjíríà, Adingra ló gbé bọ́ọ̀lù tí Kessié fi orí kàn wọlé. Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún gbé òmíràn wá láti apá òsì, Haller sì na ẹsẹ̀ kọjá iwájú ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó fi ìdí àtẹ́lẹsẹ̀ tọ́ ọ wọlé.

Àwọn àgbà ní orí la fi ń mú ẹran láwo. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé inú àwo, kí ni orí rẹ̀ fẹ́ bá a mú? Ẹ wo Denmark lọ́dún 1992. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé wọn kò yege láti kópa nínú ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù ọdún náà, pé nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi òfin de Yugoslavia nítorí ogun, tí wọ́n sì ní kí Denmark wá rọ́pò rẹ̀. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ipò kejì ni Denmark ṣe nínú ìsọ̀rí tí Yugoslavia ti ṣe ipò kìíní, àmì kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àwọn ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Wọ́n lé Netherlands lọ, wọ́n na Jámánì ní 2 sí òdo nínú àṣekágbá, wọ́n sì gbé ife relé.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ikọ̀ tí gbogbo ayé ti gbà pé ó dára jù kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ife? Ṣé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ ni?

Ìdáhùn: Wọ́n sábà mọ̀ ọ́n. Ìdíje náà ló kúrú jù. Nínú líìgì ilẹ̀ England tàbí ti Spain, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbá. Bí orí kò bá gbè ọ́ lónìí, yóò gbè ọ́ lọ́jọ́ mìíràn, ohun gbogbo á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba kí sáà tó parí. Ní ọdún 2022, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 7 ni Argentina gbá tó fi di olúborí àgbáyé, mẹ́rin nínú wọn ló sì jẹ́ èyí tí ẹni tó bá pàdánù yóò di ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ikọ̀ kan dára débi pé, bí òun àti ẹnikẹ́ni bá pàdé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, yóò borí lẹ́ẹ̀méje. Ikọ̀ ńlá nìyẹn. Síbẹ̀, bí ó bá ní láti borí lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, 0.7 lọ́nà mẹ́rin ni ẹ ó sọ di púpọ̀, ohun tí ẹ ó sì rí kò ju 0.24 lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá ṣe irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 100, nǹkan bí 24 ni ikọ̀ ńlá yìí yóò gbà, yóò sì pàdánù nínú nǹkan bí 76 tó kù láìjẹ́ pé ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo máa ń rántí 76 yìí nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá kan nítorí alẹ́ ọjọ́ kan, ó sì máa ń dùn mí.

Èkejì ni pé góòlù ṣọ̀wọ́n. Góòlù 172 ló wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 64 ní ọdún 2022. Kò pé mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù kan tó ṣèèṣì bá ẹsẹ̀ ẹlòmíràn tó sì yà wọlé ti tó láti sọ ikọ̀ tó dára di ẹni ẹ̀yìn. Ẹ rántí Rob Rensenbrink ti Netherlands nínú àṣekágbá ọdún 1978 ní Buenos Aires. Góòlù kọ̀ọ̀kan ni Netherlands àti Argentina ní, ìṣẹ́jú 90 ti ń pé lọ, nígbà tí bọ́ọ̀lù gígùn kan bọ́ síwájú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlé. Ó na ẹsẹ̀ sí i, bọ́ọ̀lù kọjá aṣọ́lé, ó lọ bá òpó, ó sì ta padà sínú pápá. Nínú àfikún àkókò, Argentina gbá méjì sí i wọlé, wọ́n sì gba ife wọn àkọ́kọ́. Netherlands dé àṣekágbá ní 1974, ní 1978 àti ní 2010, kò sì sí èyí tí wọ́n gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi kò lè gbà pé ìwọ̀n òpó kan ló yẹ kó jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ikọ̀ tí à ń yìn àti èyí tí à ń bú.

Bó bá wá jẹ́ orí nìkan ni, ife àgbáyé ìbá ti kárí ju bó ṣe wà lọ. Láti 1930 dé 2022, ìgbà 22 ni wọ́n gbà á, orílẹ̀-èdè 8 péré ló sì pín in láàárín ara wọn. Láàárín mẹ́rin tàbí márùn-ún tó tó gbà á ni oríire ti ń yan ẹnì kan.

Ìbéèrè: Mo kórìíra kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ńlá parí sí pẹ́náritì. Ṣé kì í ṣe tẹ́tẹ́ lásán ni wò-mí-n-gbá-a-sí-ọ yìí?

Ìdáhùn: Kì í ṣe tẹ́tẹ́ o. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa, nítorí pé àwọn tó ń pè é ní tẹ́tẹ́ ni kì í múra sílẹ̀ fún un. Láti 1990 dé 2012, ìgbà méje ni ìdíje ńlá sọ England di ẹni tó ń gbá pẹ́náritì, ìgbà mẹ́fà ni wọ́n sì pàdánù. Gareth Southgate wà lára àwọn tí kò gbá tiwọn wọlé, lọ́dún 1996. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó mú kí àwọn ọmọ ikọ̀ fi ọ̀pọ̀ oṣù dánra wò, títí kan bí wọn yóò ṣe rìn dé ìdí bọ́ọ̀lù láìkánjú. Ní ọdún 2018, wọ́n borí Colombia.

Èyí tó wù mí jù ni ti Jámánì àti Argentina ní Berlin, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2006. Andreas Köpke, tó ń kọ́ àwọn aṣọ́lé Jámánì, fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ àwọn ará Argentina sórí ìwé pélébé kan láti hòtẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú apá tí oníkálukú sábà ń gbá a sí. Jens Lehmann ki ìwé náà bọ inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù Roberto Ayala dànù. Nígbà tó kan Esteban Cambiasso, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé náà rárá. Lehmann ṣì yọ ọ́, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó rí ohun tó ń wá, ó dá a padà sínú ìbọ̀sẹ̀, ó sì gbá ti Cambiasso náà dànù. Pé ó yà sí apá tó tọ́ nígbà kejì, ẹ lè pè é ní oríire. Ṣùgbọ́n Cambiasso ń wò ó bó ṣe ń ka ìwé, ojú ẹni tí wọ́n ń ka ìwé nípa rẹ̀ kì í balẹ̀.

Oríire kò tán níbẹ̀ ṣá o. Lọ́dún 2014, Louis van Gaal ti Netherlands yọ aṣọ́lé rẹ̀ nígbà tí àfikún àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó fi Tim Krul rọ́pò rẹ̀, Krul sì gbá pẹ́náritì Costa Rica méjì dànù. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, níwájú Argentina, van Gaal ti lo gbogbo ìpààrọ̀ tí òfin fún un. Krul jókòó, Netherlands sì pàdánù. England tó múra náà pàdánù lọ́wọ́ Ítálì nínú àṣekágbá ife Yúróòpù tí wọ́n gbá lọ́dún 2021, ní Wembley, nílé ara wọn.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ ó ṣẹlẹ̀ rí tí oríire nìkan, láìsí ẹsẹ̀ rárá, pinnu ẹni tó tẹ̀ síwájú?

Ìdáhùn: Ó ṣẹlẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti pinnu ipò lásán. Ní ife àgbáyé ọdún 1990, àmì, góòlù tó wọlé àti èyí tí wọ́n gbá sí wọn dọ́gba fún Ireland àti Netherlands, wọ́n sì ta ọ̀mì nígbà tí wọ́n pàdé, ni wọ́n bá ṣẹ́ gègé. Gègé mú Ireland fún ipò kejì, Romania ló sì pàdé. Netherlands ṣe ipò kẹta, àwọn náà tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n wọ́n bá Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì pàdé, ó sì parí síbẹ̀ fún wọn.

Èyí tó le jù ni ti ife Yúróòpù ọdún 1968. Ní Naples, Ítálì àti Soviet gbá bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú 120 láìsí góòlù kankan. Kò tíì sí òfin pẹ́náritì nígbà náà. Ọdún 1970 ló dé. Rẹfirí pe àwọn balógun ikọ̀ méjèèjì, ó ju owó ẹyọ sókè, apá tí Giacinto Facchetti ti Ítálì dárúkọ ló sì hàn. Àwọn ará Soviet kó ẹrù wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbá góòlù sí wọn. Mo ṣàánú wọn títí dòní. Ítálì lọ sí àṣekágbá ní Róòmù, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Yugoslavia ní góòlù kọ̀ọ̀kan, ó sì di dandan kí wọ́n tún un gbá lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó ju owó sókè: Gigi Riva gbá góòlù kan wọlé, Pietro Anastasi gbá èkejì, kí abala àkọ́kọ́ tó parí.