Ṣé Mùsùlùmí Lè Gun Òkè Ìdànrè?

Ìbéèrè: Àfáà, Ìdànrè ni ìyàwó mi ti wá. Lẹ́yìn Iléyá, a fẹ́ gbéra láti Ṣómólú níbí, kí àwọn ọmọ lè rí òkè náà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mọ́ṣáláṣí ní òrìṣà ni mo fẹ́ lọ bọ. Àna mi obìnrin sì ní bí mo bá débẹ̀ tí n kò ti ẹsẹ̀ bọ ojú ẹsẹ̀ Agboogun tó wà lára òkúta lórí òkè náà, àwọn èèyàn á máa fura sí mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salaam wa rahmatullah. Inú mi dùn pé ẹ bèèrè kí ẹ tó wọkọ̀.

Ọ̀rẹ́ yín ti le jù. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló bèèrè nínú Súrà Hájì, āyà 46, pé ṣé wọn kò rìn kiri lórí ilẹ̀ ni, kí wọ́n lè ní ọkàn tí wọn yóò fi ṣe làákàyè. Hádíìsì tó ní kí a má di ẹrù ìrìn-àjò àfi sí mọ́ṣáláṣí mẹ́ta, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣàlàyé pé ó kan ẹni tó ń lọ jọ́sìn níbì kan nítorí ọlá ibẹ̀. Ẹni tó ń lọ kí àna rẹ̀, tó sì gun òkè, kò sí lára wọn.

Àtẹ̀gùn òkè yẹn lé ní 600. Ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ ní súnnà. Jábìr, ọ̀kan nínú àwọn alábàárìn Ànábì, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, sọ pé nígbà tí àwọn bá ń gòkè, àwọn á ṣe Allāhu akbar, bí àwọn bá ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn á ṣe subhānallāh. Lókè, ẹ ó rí ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ilé ẹjọ́, ilé agogo àti ibi tí wọ́n sin òkú sí. Odindi ìlú ló wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí wá sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró díẹ̀ ní àgbàlá ààfin yẹn, kí ẹ bi wọ́n pé níbo ni àwọn tó ń kígbe kábíyèsí níbẹ̀ wà lónìí.

Bí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣe yára kọjá ní ahoro ilé àwọn Sàmúdù, ìran àtijọ́ tí Ọlọ́hun pa run, lójú ọ̀nà Tàbúùkù, ibi tí ìyà Ọlọ́hun ti sọ̀ ni. Ẹ má fi ìyẹn wé ahoro Ìdànrè, kí ẹ fi bú àwọn baba ńlá ìyàwó yín. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé irú ìyà bẹ́ẹ̀ bà wọ́n.

Ojú ẹsẹ̀ Agboogun gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìtàn wọn ni pé ẹsẹ̀ ọmọdé ẹsẹ̀ àgbà ló ń bá a mu, àfi ti àjẹ́. Arákùnrin mi, ẹ wo ohun tí wọ́n ń bi òkúta! Súrà Námílì, āyà 65, ní kò sí ẹni tó mọ ìkọ̀kọ̀ ní sánmà àti ilẹ̀ àfi Ọlọ́hun. Mélòó nínú àwọn ìyá arúgbó ilẹ̀ wa ni wọ́n ti fi orúkọ àjẹ́ bà jẹ́ láìní ẹ̀rí kankan? Ó ń dùn mí títí di òní. Umar, alábàárìn Ànábì, fẹnu ko Òkúta Dúdú tó wà lára Kááfà ní Mẹ́kà, síbẹ̀ ó ní, “Mo mọ̀ pé òkúta ni ọ́, o ò lè ṣeni ní ibi, o ò lè ṣeni ní oore. Bí kì í bá ṣe pé mo rí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun tó fẹnu kò ọ́ ni, n kò ní fẹnu kò ọ́.” Bí Umar bá lè sọ báyìí fún òkúta tí Ànábì fẹnu kò, kí la fẹ́ sọ fún ti orí òkè?

Nítorí náà, ẹ wò ó, ẹ má ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kódà bí ẹ kò bá gbà á gbọ́. Ojú àwọn ọmọ wà lára yín, wọn kò sì rí inú ọkàn. Bí àna yín bá tún sọ ọ́, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ ní, “Màámi, mo ti rí i, ó rẹwà, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn mi ò jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́.” Ìyá tó fi ọmọ fún yín ni, ẹ má bá wọn jiyàn níwájú èrò.

Ibi ojúbọ, ẹ kọjá. Ẹ má ju owó síbẹ̀, ẹ má sì jẹ ẹran tí wọ́n bá pa fún òrìṣà. Ẹ má kírun dojú kọ sàréè. Láti Èkó dé Ìdànrè ti tó ìrìn-àjò tí a ń gé ìrun fún, nítorí náà ìrun onírakà mẹ́rin di méjì, àfi bí ẹ bá kí i lẹ́yìn lèmámù ará ibẹ̀.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ gùn ún, kí oòrùn tó mú. Ẹ bá mi kí àna yín.