Kí ló dé tí àwòrán aṣọ wa fi ń rí bàìbàì nínú PDF?

Ìbéèrè: Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí. Àbúrò mi kọ ètò kan sórí kọ̀ǹpútà tó máa ń to ọjà tuntun jọ sínú PDF lóṣooṣù fún àwọn oníbàárà wa. Lórí fóònù mi, àwòrán aṣọ mọ́ kedere. Nínú PDF, bàìbàì ni, lógò wa náà sì fẹ̀ pẹrẹsẹ bí ohun tí wọ́n tẹ̀ lórí. Ṣé ètò náà ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ajé á wọgbá o, aládìrẹ wa. Ẹ má tíì bá àbúrò yín jà. Báwo ni àwòrán ṣe ń ti orí fóònù yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Bó bá jẹ́ WhatsApp ni, ibẹ̀ ni ká ti kọ́kọ́ wò ó. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè tètè lọ, ohun tó bá sì ti já dànù lọ́nà, kò sí ètò tó lè dá a padà. Odindi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi wo kóòdù oníbàárà mi kan ní Kútọ̀, n kò rí àléébù, kó tó wá jẹ́wọ́ pé WhatsApp ni fọ́tò gbà wá. Ẹ máa fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, tàbí kí ẹ fi wáyà gbé e sórí kọ̀ǹpútà.

Bó bá jẹ́ ojúlówó fọ́tò ló dé ọwọ́ àbúrò yín, ó ku ìṣirò. Àwòrán tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 600 píksẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán), tí ètò wá nà sí íńṣì 6, 100 péré ló kan íńṣì kọ̀ọ̀kan. Yáàdì méjì lẹ fẹ́ fi dá agbádá nìyẹn. Ohun tí a máa tẹ̀ sórí ìwé, 300 sí íńṣì kan ni à ń lò, ìyẹn 1,800 fún íńṣì 6. Ojú fóònù lè gba 150, àmọ́ ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ yàtọ̀: ìlà tín-ín-rín tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ yà ló máa ń kọ́kọ́ parẹ́. Ẹ má fi ti ẹlẹ́kọ sílẹ̀ sábẹ́ 300.

Kí àbúrò yín wá wò ó bóyá ètò rẹ̀ ń dín àwòrán kù kó tó gbé e sínú PDF. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń kọ kóòdù ló ti ṣi ibí yìí ṣe. PDF ń ka 72 pọ́ìntì sí íńṣì kan, la bá rò pé 72 píksẹ́lì ni àwòrán náà gbọ́dọ̀ ní sí íńṣì kan. Rárá o! Ààyè tí àwòrán máa gbà lójú ìwé ni pọ́ìntì ń sọ. Àwòrán 1,800 píksẹ́lì lè jókòó sínú ààyè 432 pọ́ìntì, ìyẹn íńṣì 6, láìsọ ẹyọ kan nù.

Ti lógò kò le. Ó jọ pé àbúrò yín kọ ìbú àti gíga tí kò bára mu fún un. Kó kọ ìbú nìkan, kó wá ṣírò gíga láti ara lógò fúnra rẹ̀. Kó má lo JPEG, irú fáìlì tí fọ́tò sábà máa ń jẹ́, fún un, torí ó máa ń da ìdọ̀tí yí lẹ́tà ká. Fáìlì PNG dáa, bí ẹni tó ya lógò bá ṣì ní SVG rẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn fáìlì tí kì í ṣe bàìbàì bó ti wù ká fẹ̀ ẹ́ tó, òun ló dáa jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí PDF tuntun, ẹ fẹ̀ ẹ́ dé 300%, kí ẹ gbé fọ́tò fóònù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá ṣì ń ṣe bàìbàì, ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Bíi dọ́kúmẹ́ǹtì o!