Ṣé wẹ́búsáìtì ló kù kí àdìrẹ mi tó tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìbéèrè: Àdìrẹ ni mò ń tà lọ́jà Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Mo ń gbé àwòrán sórí WhatsApp, àwọn èèyàn á béèrè iye rẹ̀, wọn á sì dákẹ́. Àwọn ọmọ mi ní kí n lọ ṣe wẹ́búsáìtì. Ṣé kí n náwó sí i?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ná an, mà. Ẹ̀rù ló ń ba àwọn oníbàárà yín. Ẹni tó wà n'Íbàdàn kò lè fọwọ́ kan aṣọ yín, kò mọ̀ bóyá àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣá, kò sì mọ ibi tó ti máa rí yín bí ẹ bá gbowó tí ọjà ò dé. Wẹ́búsáìtì ò lè lé ẹ̀rù yẹn lọ.

Ẹ gbé nọ́ńbà òwò yín sórí WhatsApp Business, ọ̀fẹ́ ni. Ó ní àtẹ tí àwòrán àti iye owó máa ń wà lórí rẹ̀, tí kì í pòórá lẹ́yìn wákàtí 24 bíi ti státọ́ọ̀sì. Ẹ kọ iye owó síbẹ̀ gedegbe. Abẹ́ ìbòòji, ní òwúrọ̀, ni kí ẹ ti ya aṣọ, torí iná gílóòbù máa ń yí àwọ̀ aró padà, ìjà á sì dé nígbà tí aṣọ bá délé. Ẹ kọ iye ọ̀pá rẹ̀, ẹ sì sọ pé omi tútù ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, lọ́tọ̀.

Owó ìfiránṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọjà ń kú sí. Ẹ sọ ọ́ pa pọ̀ mọ́ iye aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ gáréèjì lẹ ti fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á sára ẹrù, ẹ gba nọ́ńbà dírẹ́bà àti ti ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò ní sanwó àfi tí ọjà bá dé, inú Abẹ́òkúta nìkan ni kí ẹ ti gbà fún un, kí ó sì kọ́kọ́ san owó ọlọ́kadà. Bó bá kọ ọjà láìsan án, ẹ̀yin lẹ máa san àlọ àti àbọ̀.

Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ òwò yín máa ń fi àjèjì lọ́kàn balẹ̀. Ìwé CAC, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò lọ́dọ̀ ìjọba, ni báńkì máa béèrè kí wọ́n tó ṣí i. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé áláàtì orí fóònù, èké pọ̀ níbẹ̀. Inú áàpù báńkì yín ni kí ẹ ti wò ó bóyá owó ti wọlé. Fún ẹni tó fẹ́ fi káàdì báńkì sanwó, Paystack, ilé-iṣẹ́ tó ń báni gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè ṣe línkì ìsanwó láìsí wẹ́búsáìtì: 1.5% àti ₦100 ni wọ́n ń yọ, ₦370 lórí ₦18,000. Ẹ kà á mọ́ iye aṣọ.

Ìgbà tí ìbéèrè bá pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè dáhùn lóòjọ́ ni kí ẹ tó ronú wẹ́búsáìtì, torí ọdọọdún lẹ ó máa sanwó rẹ̀. Ní báyìí, ẹ ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn máa dá oníbàárà lóhùn láàárín wákàtí kan.