Báwo ni olùkọ́ yunifásítì n'Íbàdàn ṣe lè bá tòkè òkun ṣiṣẹ́ lórí àyíká?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Jiọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì kan n'Íbàdàn níbí. Mo ń gbọ́ pé àwọn yunifásítì ń pa pọ̀ ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí ọ̀rọ̀ àyíká àti ojú ọjọ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an? A ò lówó, iná náà ò dúró.

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bèèrè. Ẹ má lọ bá wọn lọ́wọ́ òfo o, torí Ìbàdàn ní nǹkan tí wọ́n ń wá. Omíyalé Ògùnpa ti 1980, àti èyí tó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 tó wó afárá tó sì gbẹ̀mí èèyàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín làwọn tó ń gbé lẹ́bàá odò wọ̀nyẹn, wọ́n mọ ibi tómi máa ń gbà wọlé, wọ́n mọ gọ́tà tí pàǹtí ti dí, sátẹ́láìtì ò lè sọ gbogbo ìyẹn fún ọmọ tó wà ní Jámánì.

Èyí tó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni COIL, ìyẹn kí kíláàsì orílẹ̀-èdè méjì jọ kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn SUNY, ìyẹn yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ New York, dá ọ́fíìsì sílẹ̀ fún un ní 2006. Olùkọ́ méjì lórílẹ̀-èdè méjì á so kíláàsì wọn pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á da àwọn ọmọ pọ̀ sí gúrúùpù, wọ́n á jọ ṣe iṣẹ́ kan, oníkálukú á gba máàkì ẹ̀ nílé ìwé tiẹ̀. Kò la físà lọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ẹ má tíì gbéṣẹ́ fún wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi fóònù ya àdúgbò wọn ránṣẹ́ síra wọn, torí tí wọn ò bá mọra, àwọn tọ̀hún á máa pàṣẹ, tiwa á dákẹ́.

Ní ti iná àti dátà, ẹ má gbé gbogbo ẹ̀ sórí Zoom. Fáìlì kan tí gbogbo wọn á máa kọ nǹkan sí nígbà tíná bá dé, àti vóìs nóòtì lórí WhatsApp, ti tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wa, aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin òru ni ní New York. Jámánì ò ju wákàtí kan lọ sí wa, ìgbà mìíì aago kan náà la ń lò. Ilẹ̀ Áfíríkà náà wà ńbẹ̀ o: ARUA, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì Áfíríkà tó ń ṣèwádìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015, UI wà nínú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí bó ṣe ń rí tó bá ti gbòòrò, ẹ wo iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ tí Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà àti IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Ọ̀yọ́ yìí, jọ ṣe. Ohun tí wọ́n rí lóko ni wọ́n ń kó sí Cassavabase, ìkànnì tí wọ́n ń kó dátà ẹ̀gẹ́ sí, ẹnikẹ́ni lè ṣí i wò lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé àwa la máa ń wọ inú ẹrẹ̀ lọ wọn omi, tí pépà bá jáde tán, ìdí ìwé níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lèèyàn á ti rórúkọ wa. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ojú ewé kan ti tó: ta ló ń tọ́jú dátà, orúkọ ta ló ṣáájú, kí la máa mú padà fún ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò tí wọ́n gbà wá láàyè.

Ẹ ò ní láti dúró de ìgbà tí ọ̀gá yunifásítì bá tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ wá olùkọ́ kan tó ń kọ́ irú kọ́ọ̀sì yín, ẹ kọ ímeèlì kúkúrú sí i: kọ́ọ̀sì yín, iye ọmọ, odò tẹ́ ẹ fẹ́ wò, àti ọ̀sẹ̀ tí sèmẹ́sítà yín bẹ̀rẹ̀ gan-an, torí kàlẹ́ńdà tí ò bára mu ló ń da ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ yìí rú.