Ṣé lóòótọ́ ni pé orúkọ ẹja ni "torpedo"?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà pé ní 1864, ọ̀gágun ojú omi Amẹ́ríkà kan, Farragut, pàṣẹ pé kí àwọn èèyàn òun má ka torpedo, ohun ìjà abẹ́ omi tó ń bú gbàmù, sí, kí wọ́n máa wakọ̀ lọ. Mo tún kà pé 1866 ni Robert Whitehead ṣe torpedo rẹ̀ àkọ́kọ́. Èwo ni ká gbà? Ẹnì kan tún ní ẹja ni.

Ìdáhùn: Kò sí irọ́ nínú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ náà ló pa ìtumọ̀ dà.

Ẹja ni lóòótọ́. Èdè Látìn ló ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò bí ara bá kú tí kò gbọ́ràn mọ́. Ẹni tí òjìjí bá ti gbọ̀n rí nínú odò ti mọ irú ẹja tí mò ń wí. Àmọ́ ẹ má pè wọ́n ní ọmọ ìyá o: òjìjí tiwa nírùngbọ̀n bí àrọ̀, odò ló ń gbé, torpedo rí pẹrẹsẹ bí àwo, inú òkun ló wà, a sì máa ba sínú iyanrìn.

Nígbà tí Robert Fulton ará Amẹ́ríkà ń fi orúkọ yìí pe ohun ìjà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àpótí ẹ̀tù tí yóò bú lábẹ́ ọkọ̀ ló ní lọ́kàn. Irú rẹ̀ ni wọ́n dẹ sílẹ̀ bíi pàkúté ní Mobile, ní Amẹ́ríkà, níbi tí Farragut ti pàṣẹ yẹn ní August 5, 1864. Ọkọ̀ ogun Tecumseh kọlu ọ̀kan, ó sì rì. Ní February ọdún yẹn kan náà, ní Charleston, ọkọ̀ abẹ́ omi Hunley so tirẹ̀ mọ́ orí ọ̀pá gígùn, ó fi gún ọkọ̀ ogun Housatonic. Ọkọ̀ yẹn rì, ṣùgbọ́n Hunley àti èèyàn mẹ́jọ tó wà nínú rẹ̀ náà ò padà wálé. Torpedo ni wọ́n ń pe gbogbo ìwọ̀nyí.

Whitehead, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Fiume lábẹ́ ìjọba Austria, ló wá ṣe èyí tí ń dá sáré lábẹ́ omi pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí wọ́n kì sínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, eléyìí gba orúkọ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́.

Èyí tó wù mí jù, ẹ ò tilẹ̀ béèrè rẹ̀: torpedo ti Louis Brennan, ọmọ Ireland tó dàgbà sí Melbourne ní Australia. Okùn tí a bá fà, ohun tó wà ní ìdí rẹ̀ ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ti Brennan kọ́. Bí wọ́n ṣe ń fà á ló ń sá lọ! Àgbá kékeré méjì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n wé wáyà tín-ínrín mọ́ bí òwú. Ẹ̀rọ tó wà létíkun á máa fa wáyà yẹn, àgbá á máa yí, wọ́n á sì máa yí àjẹ̀ onírin méjì bíi fáànù. Bí wọ́n bá fa wáyà kan yá ju èkejì lọ, ìtọ́kọ̀ á yà á sí apá kan. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì san lé ní 100,000 pọ́n-ùn fún un.