Imú Màmá Ló Ń Yọ Wọ́n Lẹ́nu, Kì í Ṣe Ọbẹ̀ Yín

Ìyàwó Ilé láti Ìbàdàn, ẹ kú ìfaradà.

Ẹ kọ̀wé pé ìyá ọkọ yín, ẹni ọdún 74, ń sọ kiri pé ẹ ò mọ ọbẹ̀ sè mọ́, iyọ̀ ni wọ́n sì ń bù sí gbogbo oúnjẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀wà jóná mọ́ ìkòkò, Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọn ò mọ̀. Ẹ ń béèrè bóyá wọ́n kórìíra yín ni.

Rárá o. Ẹ̀wà yẹn ti sọ ọ̀rọ̀ náà tán: ó jọ pé Màmá ò gbọ́ òórùn dáadáa mọ́. Ahọ́n ò mọ̀ ju dídùn, iyọ̀, kíkan, kíkorò àti adùn bíi ti irú tàbí edé lọ. Imú ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé efinrin nìyí, pé ẹja díndín nìyẹn. Ata ṣì ń ta wọ́n nítorí pé iṣan ọ̀tọ̀ ló ń gbé títa ata. Ìyẹn ló ń tan ẹbí jẹ.

Gáàsì ló ń bà wá lẹ́rù jù. Gáàsì fúnra rẹ̀ ò ní òórùn. Ńṣe ni wọ́n fi òórùn burúkú sí i kí èèyàn lè tètè mọ̀ bó bá ń jò. Ẹ máa ti orí sìlíńdà lẹ́yìn ìdáná. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ fi pa ojú ibi tí rọ́bà ti wọ sìlíńdà. Bí ọṣẹ náà bá ń hó níbẹ̀, ó ń jò nìyẹn. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ má fọwọ́ kan ìtanná. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ se ọbẹ̀ sára ike rẹ̀, nítorí Màmá ò ní mọ̀ tó bá ti bàjẹ́.

Ẹ dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Irú tí kò níyọ̀, edé àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀, ahọ́n wọn ṣì mọ ìwọ̀nyẹn.

Dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò, kẹ́ ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání. Ẹran tó hù sínú imú àti ọ̀fìnkìn tó pẹ́ ṣeé wò. Bí ọwọ́ wọn bá ń gbọ̀n, tí ìrìn wọn falẹ̀, tàbí tí wọ́n ń gbàgbé nǹkan, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí imú ṣeré ìdárayá, irú èyí tí Thomas Hummel, dókítà tó ń ṣèwádìí nípa gbígbọ́ òórùn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dresden, Jámánì, gbé jáde lọ́dún 2009. Ẹ wá ìgò kékeré 4 tó ní ìdérí: kànáfùrù, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, efinrin, kọfí. Láàárọ̀ àti lálẹ́, kí wọ́n rọra fín ọ̀kọ̀ọ̀kan fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 20, kí wọ́n máa rántí bó ṣe ń rùn tẹ́lẹ̀. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 12. Oṣù 6 dára jù. Ọ̀pọ̀ ń pa á tì lọ́sẹ̀ kejì, tàbí kí kànáfùrù wọn ti gbó. Ẹ má lo róòbù: títutù rẹ̀ nímú kì í ṣe òórùn. Ẹ má sì ro àgbo sí wọn nímú.

Ọkọ yín ni kó bá Màmá sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin. Kó di kọfí mú, kí wọ́n dijú, kó gbé e sí wọn nímú, kó sì béèrè ohun tó jẹ́.